Rébecca Atúnsọ

Àwọn tó wá láti Kútọnu lọ́sẹ̀ tó kọjá gbé kámẹ́rà dání. Wọ́n ya àwòrán ilé Rẹ́kítẹ̀, wọ́n ya bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, wọ́n ya àwọn mẹ́dáyì tó kó sínú agolo mílíìkì. Wọ́n ní àyájọ́ ikú rẹ̀ ti ń sún mọ́lé, yunifásítì fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe gbọ̀ngàn ńlá kan, àwọn sì fẹ́ mọ ohun tó fi sílẹ̀ lórí òkè Dásà yìí. Mo dúró ti alùpùpù mi, mo ń wò wọ́n. Nígbà tó kàn mí, mo ní kí wọ́n lọ bá Rébecca. Wọ́n ní ta ni Rébecca, ṣé mọ̀lẹ́bí Rẹ́kítẹ̀ ni? Mo ní rárá o, obìnrin tó ń sá gbodo lórí àpáta ẹ̀yìn ilé ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n ní ọ̀nà jìn, wọ́n wọ mọ́tò wọn, wọ́n lọ. Inú bí mi títí mo fi dé ilé.

Ràhímọ́tù ni mí. Gbodo ni mo ń tà ní ọjà Dásà, iṣu tí a bọ̀ díẹ̀, tí a wá sá sóòrùn títí tó fi gbẹ. Ẹnu mi mú, mo mọ̀, ẹ má wulẹ̀ dà á láàmú láti sọ fún mi. Ọwọ́ Rébecca ni mo ti ń ra èyí tó funfun jù, nítorí náà díẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí àpáta náà tí kò ṣojú mi. Bí àwọn yẹn kò bá ráyè gbọ́ ọ, ẹ̀yin ẹ gbọ́ ọ.

Séraphin ni orúkọ Rẹ́kítẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè níbí ni wọ́n ti bí i. Bàbá rẹ̀ ń kọ ebè iṣu ní abúlé Tré. Àwọn fádà ló rí i pé orí ọmọ náà pé, wọ́n rán an nílé ìwé, ó kà á, ó kà á, àfìgbà tó di olórí yunifásítì ńlá kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Rẹ́kítẹ̀ ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lédè Faransé, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an, Màmá Odette, Rẹ́kítẹ̀ ló ń pè é nínú ilé.

Ní ọdún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti géètì yunifásítì rẹ̀ pa, tí àwọn sójà sì tò sí ìta pẹ̀lú ìbọn, òun ló bọ́ sí àárín wọn. Tajútajú ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó bá fẹ́ sọ, etí ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì ló ń sọ ọ́ sí, ọkùnrin náà á sì pariwo rẹ̀ jáde. Bí ọ̀gá sójà bá fèsì, aṣọ́géètì yìí kan náà ni yóò tún un pariwo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ìgbà tó yá, ọ̀gá sójà bú àwọn ọmọ náà, èébú tó kan ìyá wọn. Aṣọ́géètì la ẹnu, ojú tì í, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ tún un sọ. Rẹ́kítẹ̀ máa ń sọ fún wa pé ibẹ̀ ni ojú òun ti là. Ọ̀gá sójà gbọ́ èébú ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó wo ilẹ̀. Ìbọn kankan kò dún lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ pè é kiri. Ibi tí wọ́n bá ti ń pa ara wọn, ibẹ̀ ni wọ́n á gbé e lọ. Ibẹ̀ ni àwọn mẹ́dáyì inú agolo ti wá.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, a rò pé yóò kọ́ ilé alájà sí Kútọnu. Ó wá kọ́ yàrá díẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè, ó ní ilé lòun wá. Ilé náà kò sì rọgbọ. Ọdọọdún tí òjò bá ti ń tán, àwọn Fúlàní á da màlúù wọn sọ̀kalẹ̀ wá, màlúù á wọ oko ẹnì kan, ẹnì kan á ṣá màlúù, wọ́n á sì gbé ara wọn lọ sílé ìwòsàn. Rẹ́kítẹ̀ ní ohun tí a nílò kò ju ẹni tí yóò máa tún ọ̀rọ̀ sọ. Ó gbé àga kan kalẹ̀ fún ẹni náà. Òfin rẹ̀ kò le. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fèsì títí atúnsọ yóò fi tún un sọ. Kò gbọdọ̀ fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Bí ẹni náà bá sọ pé “mo”, kí òun náà sọ pé “mo”. Ìgbà tí ẹni tó ni ọ̀rọ̀ bá sọ pé “Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí” ni ẹ̀gbẹ́ kejì tó lè lanu.

Kátíkíìsì, olùkọ́ ìjọ àwọn fádà, ló kọ́kọ́ jókòó sórí àga náà. Ó fi ìwàásù kún un, ó lé gbogbo ènìyàn sílé. Ó wá kàn mí, èmi Ràhímọ́tù. Rẹ́kítẹ̀ gbé mi gun àga náà láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Ó ní mo ń bu ata sí ọ̀rọ̀ olọ́rọ̀. Òótọ́ ni, mo bu ú sí i.

Ewúrẹ́ ló fi Rébecca hàn án. Ẹgbẹ́ ni èmi àti Rébecca, opó ni, ọmọ kan ṣoṣo tó ní ni Wilfried, gbodo ló sì fi tọ́ ọ dàgbà. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ Rẹ́kítẹ̀ já okùn, ó jẹ gbodo rẹ̀ tán pátápátá lórí àpáta. Rébecca kò pariwo. Ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ojú, ó ní: “Rẹ́kítẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹ mú ewúrẹ́ yìí dé, ibí lẹ dúró sí, ẹ ní: ‘Ìyá Wilfried, ẹ fọkàn balẹ̀, màá so ó mọ́lẹ̀ tọ̀sántòru, tó bá fi ẹnu kan gbodo yín, ẹ pa á jẹ.’ Mo wá mú ewúrẹ́ mi.”

Àwa tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Rẹ́kítẹ̀ fò sókè lórí àga, ó ń pariwo, “Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí! Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe wí!” Rébecca jẹ ewúrẹ́, ó sì gba àga.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí: á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, á di ojú, á sì tú ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wọlé. Ìgbà kan wà tí àgbẹ̀ kan láti Akofodjoulè bínú sí i, ó ní, “Ìwọ Rébecca, ẹ̀yìn àwọn Fúlàní lo wà, alábòsí ni ọ́.” Rébecca kò yí ohùn padà. Ó ní, “Ìwọ Rébecca, ẹ̀yìn àwọn Fúlàní lo wà, alábòsí ni ọ́.”  Ọkùnrin náà kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe wí. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun mú un kúrò. Rẹ́kítẹ̀ kàn jókòó sẹ́yìn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ fún ọdún púpọ̀, tí àwọn ará Glazoué pàápàá ń kó ẹjọ́ wọn wá síbí.

Lẹ́yìn náà Rẹ́kítẹ̀ kú. Ó sùn, kò jí. Àwọn ènìyàn ńlá wá sin ín, eruku mọ́tò wọn bo gbodo Rébecca. Kò pẹ́ sígbà náà tí mo ti ń gbọ́ ọ lọ́jà pé Rẹ́kítẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù, pé kì í ṣe àga, pé ó ti parí nìyẹn. Inú mi bàjẹ́, torí èmi náà rò bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ Ọpọ́n kí n tó tẹ̀ síwájú. Lókè àpáta wa, kòtò ńlá kan wà nínú òkúta tó ń gba omi òjò dúró, òun là ń pè ní Ọpọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń pọnmi. Látìgbà tí omi ẹ̀rọ ti dé, kò sí obìnrin tó ń gun ibẹ̀ mọ́, a ti gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn màlúù kò gbàgbé.

Lọ́dún tí Rẹ́kítẹ̀ kú yẹn, màlúù dé ṣáájú àsìkò. Mo wá kó gbodo nítorí ọjà Glazoué tó bọ́ sí ọjọ́ kejì, mo ti di àpò mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, nígbà tí mo rí àwọn Fúlàní tí wọ́n ń gun òkè bọ̀ láti apá kan pẹ̀lú ọ̀pá. Boukari ló ṣáájú wọn. Èmi àti Boukari mọra, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ojú rẹ̀ pọ́n, aṣọ rẹ̀ sì tutù fún òógùn. Kí n tó kí i, mo gbọ́ ẹsẹ̀ láti apá kejì. Àwọn àgbẹ̀ Tré ni, Gilbert olórí wọn ló wà níwájú, àdá wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé àwọn Fúlàní ń bọ̀ wá dáná sun abà. Wilfried wà láàárín wọn.

Màmá Odette sáré jáde. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó gbé àga náà, ó gbé e sí àárín àpáta, lórí gbodo.

“Rébecca, wá jókòó.”

“Ẹni tó ni àga ti kú,” Gilbert sọ ọ́, ó tutọ́.

“Èmi kò tíì kú,” Màmá Odette dá a lóhùn. “Rébecca, jókòó.”

Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó di ojú. Mo rí i tí àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Kò sí ẹni tó ju àdá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tẹ̀ síwájú. Màmá Odette nawọ́ sí Boukari.

“Omi Ọpọ́n ni àwọn màlúù mi mu,” Boukari ní. “Wọ́n ti kú. Èyí kò dùn mí mọ́. Háwà ọmọ mi tẹ̀ lé wọn, òun náà mu níbẹ̀. Ó wà nílé ìwòsàn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè mí dáadáa. Dókítà ní oògùn kòkòrò ni, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ló wà, kí n wá ìgò rẹ̀ kíákíá kí òun tó mọ èyí tí òun máa fún un. Ọ̀kan nínú yín ló da májèlé sómi. Ẹ sọ èyí tó jẹ́ fún mi. Bí ọmọ mi bá kú, kò sẹ́ni tó máa sùn ní Tré.”

Rébecca tún un sọ. Nígbà tó dé “itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀”, obìnrin kan nínú àwọn ará Tré fọwọ́ bo ẹnu. Ó sọ ọ́ títí dé “kò sẹ́ni tó máa sùn ní Tré”, ó fi sílẹ̀ bó ṣe wà.

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí,” Boukari ní.

Ó kan Gilbert. Ó ní, “A kò da májèlé sómi kankan. Ẹ̀yin lẹ ń fi ẹjọ́ yìí wá ìjà. Bí ọmọ kan bá ń ṣàìsàn, ẹ lọ wo ohun tí ẹ fún un jẹ.”

Rébecca tún un sọ. Ó dún burúkú lẹ́nu rẹ̀. Gilbert ti orí ẹsẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Àwọn Fúlàní ń kùn. Ọ̀kan nínú wọn yí ọ̀pá rẹ̀ padà, ó di ibi tó tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Mo mọ̀ pé ìjà ni ìyẹn túmọ̀ sí, ẹ̀rù bà mí débi pé mo gbá alùpùpù mi mú bí ọmọ.

Màmá Odette ní, “Ta ló fọ́n oògùn sí oko ẹ̀wà ní ẹsẹ̀ òkè lọ́sẹ̀ yìí?”

Gbogbo wa la mọ̀ pé oko ẹ̀wà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Wilfried ló sì ni ín. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wilfried bọ́ síwájú. Géńdé ni, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ fíìfíì.

“Kì í ṣe èmi,” ó ní. “Mi ò fọ́n oògùn. Tánkì oògùn mi ti bàjẹ́ látọjọ́ pípẹ́. Mi ò gun òkè lọ́sẹ̀ yìí.”

Ó wá kù sí Rébecca.

Kò sọ ọ́. Mo rò pé ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ ni. Ó lanu, ó ní, “Kì í ṣe…” ó dákẹ́. Ojú rẹ̀ ṣì dì.  Ó tún bẹ̀rẹ̀, “Kì í ṣe èmi,” ó ní, “mi ò…” ó tún dúró. Láti ìgbà tó ti ń jókòó sórí àga yẹn, mi ò rí i rí kí ọ̀rọ̀ há sí i lọ́fun.

“Sọ ọ́!” Gilbert ní. “Sọ ohun tí ọmọ náà wí!”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá,” Boukari ní, “ọmọ mi ń kú lọ.”

Nígbà náà ni ó là mí lójú. Rébecca mọ nǹkan kan. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà: òun ti rí Wilfried tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, tánkì oògùn lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ tutù, òun sì ti bá a wí pé òtútù yóò mú un. Kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Bó bá tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó ti gba ọmọ rẹ̀ là lọ́wọ́ àwọn ọ̀pá wọ̀nyẹn. Òfin Rẹ́kítẹ̀ gan-an ló ní kó tún un sọ. Kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Bó bá sì sọ ohun tó rí, ó ti fi kún ọ̀rọ̀, àga náà ti bàjẹ́, wọ́n sì lè ya ọmọ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ lójú rẹ̀. Mo ń wò ó. Mo ń bẹ Ọlọ́run, mi ò sì mọ èyí tí mo ń bẹ̀ fún.

Rébecca la ojú. Èmi kò rí i kó la ojú lórí àga yẹn rí. Kò wo Boukari, kò wo Gilbert. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

“Kò gba ẹnu mi jáde,” ó ní.

 Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí orúnkún. Ó ń wo Wilfried, Wilfried ń wò ó, gbogbo wa sì dúró gbagidi sínú oòrùn.  Ọmọ náà wólẹ̀ lórí orúnkún rẹ̀ méjèèjì sáàárín gbodo, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó dún lórí òkúta.

“Mo fọ tánkì mi nínú Ọpọ́n,” ó ní. “Oògùn òwú ni, mo fi fọ́n ẹ̀wà. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń mu níbẹ̀ mọ́. Mi ò ní kí n pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìgò rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé abà wa.”

Àwọn ọ̀pá gbéra. Mo rí wọn. Ṣùgbọ́n Rébecca ti di ojú, ohùn rẹ̀ sì ti jáde, ó ga ju bó ṣe máa ń ga lọ.

“Mo fọ tánkì mi nínú Ọpọ́n. Oògùn òwú ni, mo fi fọ́n ẹ̀wà. Mo rò pé kò sẹ́ni tó ń mu níbẹ̀ mọ́. Mi ò ní kí n pa ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìgò rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé abà wa.”

Omi ń ṣàn lójú rẹ̀ tó dì, ó ń ṣàn dé àgbọ̀n. Bó ṣe sọ ọ́, ó dà bí ẹni pé òun ló ṣe é. Ta ló máa gbé ọ̀pá sókè sí i? Boukari na ọwọ́ sẹ́yìn, ó dá àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró.

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí,” Wilfried ní, a ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

Gilbert fúnra rẹ̀ ló sáré lọ mú ìgò náà wá. Mo já àwọn àpò gbodo dànù lẹ́yìn alùpùpù, mo ní kí Boukari gùn ún. Ẹ má bi mí bí mo ṣe gun ọ̀nà náà. Ó fi ọwọ́ kan di ìgò mú, ó fi èkejì gbá mi léjìká mú débi pé ó ṣì ń dùn mí lọ́jọ́ kejì. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan títí a fi dé ẹnu ilé ìwòsàn, ó fò sílẹ̀ kí n tó dúró tán, ó wọlé. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, mo sunkún bí ọmọdé. Nígbà tí dókítà rí ìgò náà, ó mọ ohun tó máa ṣe. Háwà yè.

Wilfried kò dúró kí wọ́n wá mú un. Gilbert sìn ín lọ sí kọmisáríà, ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá. Wọ́n tì í mọ́lé, ibẹ̀ ló ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Rébecca kò kí i mọ́, ó ní ìyá wo ló ń ta ọmọ rẹ̀. Mo fún un ní èsì tó tọ́ sí i lọ́jà, lójú gbogbo ènìyàn, mi ò sì kábàámọ̀.

Ṣùgbọ́n Rébecca fi àga sílẹ̀. Ó dojú rẹ̀ dé lẹ́yìn ilé, ó ń sá ata lé e. Bí àwọn ènìyàn bá kó ẹjọ́ dé, á ní ẹnu ń ro òun. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà á láyè, á gbé oúnjẹ lọ fún Wilfried, Wilfried á sì dá a padà bó ṣe wà. Kò jẹ ẹ́. Ó ti rù. “Ràhímọ́tù,” ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan, “kí ni mo gbà là?” 

Lẹ́yìn tí àwọn oníkámẹ́rà lọ, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà lórí àpáta, mo ń ṣa gbodo. Boukari dé. Kò mú ọ̀pá wá. Ó di Háwà lọ́wọ́ mú, ọmọ náà ti sanra díẹ̀. Ó kí wa, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó gbọn ata kúrò lórí àga, ó gbé e wá síwájú Rébecca.

“Ìyá, mo ní ọ̀rọ̀ fún Wilfried. Ẹ bá mi gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.”

Rébecca nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó di ojú.

“Wilfried,” Boukari ní, “mo bínú sí ẹ. Títí dòní, bí mo bá rí omi lórí òkúta, ara mi máa ń bù máṣọ. Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá fún ẹ. Ọmọ mi wà láàyè.”

“Wilfried,” Rébecca ní, “mo bínú sí ẹ. Títí dòní, bí mo bá rí omi lórí òkúta, ara mi máa ń bù máṣọ. Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Ṣùgbọ́n jẹ oúnjẹ tí wọ́n ń gbé wá fún ẹ.” Ó dúró.  “Ọmọ mi wà láàyè,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wí,” Boukari dá a lóhùn.